Kọ̀ǹpútà kò ní ṣàdéédé mọ gírámà Yorùbá

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí inú ti bí mi, inú mi ò tíì rọ̀. Ìpàdé kan la ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa Yorùbá àti kọ̀ǹpútà. Arákùnrin kan ní ká yéé náwó lé àwa tá à ń fọwọ́ sàmì sí ìhun gbólóhùn, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó so mọ́ ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn. Ó ní ká ṣáà kó ọ̀rọ̀ jọ rẹpẹtẹ, kọ̀ǹpútà á fúnra rẹ̀ mọ èyí tó so mọ́ èyí.

Ẹ gbọ́ ná. Àwọn onímọ̀ méjì, Klein àti Manning, ṣe irú ẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì ní 2004. Gbólóhùn tí kò ju ọ̀rọ̀ 10 lọ ni wọ́n fi dán an wò. Ẹ̀yà ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi hàn án, ọ̀rọ̀-orúkọ rèé, ọ̀rọ̀-ìṣe rèé, èyí tí èèyàn ti sàmì sí ṣáájú. Síbẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ 100, bíi 43 ló so mọ́ ibi tó yẹ. Penn Treebank, àkójọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì táwọn èèyàn jókòó fọwọ́ sàmì sí, ni wọ́n fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ti Yorùbá tó wà nínú Universal Dependencies, níbi tí wọ́n ń kó ti onírúurú èdè jọ sí, kò tó gbólóhùn 500. Kí la máa fi yẹ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò?

Gbólóhùn kan gba odindi ọ̀sán lọ́wọ́ mi rí: "Ó fi ọ̀bẹ gé iṣu." Nínú "fi" àti "gé", èwo ni orí, ìyẹn ọ̀rọ̀ táwọn yòókù so mọ́? Tó bá jẹ́ "gé", "fi" á wá dà bí ọ̀rọ̀ atọ́kùn. Mo bi ọ̀gá mi, wọ́n ní "fi". Mo bi ẹlòmíì, ó ní "gé". Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́, níbi tá ò ti ń fi àmì ohùn sí nǹkan? "O fi obe ge isu", "o fi obe je isu". Ọ̀bẹ ni ti àkọ́kọ́, ọbẹ̀ ni ti èkejì, ojú kan náà ni kọ̀ǹpútà fi ń wò wọ́n. Ṣé inú èyí ló ti máa fúnra rẹ̀ kọ́ gírámà?

Àmọ́ lálẹ́ àná, ọmọ mi tí kò tíì pé ọdún 3 dúró tì mí ní kíṣìnnì, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi ṣíbí bù ú fún mi." Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta, kò ṣi ìkankan gbé. Mi ò sàmì sí gbólóhùn kankan fún un rí. Lóòótọ́, ó ń nawọ́ sí ṣíbí náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà tá a kó ọ̀rọ̀ nìkan fún ò sì rí ṣíbí rí. Àbí ìyẹn nìkan kọ́? Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́ títí ó fi ń tutù, mi ò rí ìdáhùn.