Nọ́ńbà ara ọta ìbọn kì í ṣe ìwọ̀n agbára rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ràn fíìmù àwọn kọ́bọ́ì Amẹ́ríkà yóò ti gbọ́ ọ pé .45 ni baba gbogbo ìbọn ìléwọ́. Tẹ́ ẹ bá béèrè ìdí, nọ́ńbà ni wọ́n máa nawọ́ sí: 45 ju 44 lọ, 44 ju 38 lọ, ó parí. Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lára débi pé tí wọ́n bá rí .38, ohun ìṣeré ni wọ́n ń pè é. Irọ́ ni. Àwọn revolver (ìbọn ìléwọ́ tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí) ńláńlá ayé àtijọ́ gan-an ló sì tú irọ́ náà fó.

Fífẹ̀ ọta nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, ní ìfojúbù, tí a bá pín íńṣì kan sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún (tàbí ẹgbẹ̀rún, tí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta). Kò sọ bí ọta ṣe wúwo, kò sọ ẹ̀tù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sọ bó ṣe ń sáré tó. Ọdẹ wa tó ń lo ṣakabùlà mọ èyí dáadáa: ìbọn kan náà, ẹnu kan náà, ẹ̀tù tó bá rọ sí i ló máa pinnu bó ṣe máa ta á léjìká. Eré ọta ló sì ṣe pàtàkì jù. Bí ìwúwo ọta bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ náà di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká gbé revolver Colt ọdún 1873, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò, sẹ́gbẹ̀ẹ́ Webley tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1887, tí irú rẹ̀ kẹfà, Mark VI, jáde ní 1915. .45 ni ti Colt, .455 ni ti Webley. Fífẹ̀ ọta méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ti Webley tilẹ̀ wúwo díẹ̀ jù: nǹkan bíi gíráàmù 17.2 sí 16.5. Ta ló lágbára jù? Gíráàmù 2.6 ẹ̀tù dúdú ló wà lẹ́yìn ọta Colt, ó sì ń sáré tó mítà 260 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Webley kò ju nǹkan bíi mítà 185 lọ. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, Colt á fún yín ní nǹkan bíi joule 555 (joule ni ìwọ̀n agbára), Webley á fún yín ní 290. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ló ní ìdajì agbára.

Kódà .45 kan náà kì í ṣe .45 kan náà nígbà gbogbo. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fúnra wọn dín ẹ̀tù inú rẹ̀ kù. Nígbà tí Smith & Wesson Schofield dé ní 1875, kátíríìjì tirẹ̀ (ìkòkò kékeré tí ọta àti ẹ̀tù wà nínú rẹ̀) kúrú: ó ń wọ inú Colt, ṣùgbọ́n ti Colt kò wọ inú tirẹ̀.

Ẹ tún wo Colt Walker ọdún 1847. .44 ni wọ́n ń pè é, síbẹ̀ ìbọn náà wúwo ju kìlógíráàmù 2 lọ, ihò kọ̀ọ̀kan sì lè gba ẹ̀tù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 4. Ẹ̀tù náà pọ̀ débi pé àgbá tó ń yí lára òmíràn bẹ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí Dragoon tó tẹ̀ lé e fi gba ẹ̀tù tó dín sí i. Àwọn òpìtàn ìbọn sábà máa ń ka Walker sí ìbọn ìléwọ́ tó lágbára jù títí di 1935.

Ibi tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni ohun tí Smith & Wesson ṣe ní Springfield, Massachusetts. Láti 1908 ni wọ́n ti ní ara ìbọn ńlá kan tí wọ́n ṣe fún kátíríìjì .44 Special. Ní 1930, wọ́n mú ara ìbọn yẹn kan náà, wọ́n sì fi .38 sí i, nítorí àwọn ọlọ́pàá fẹ́ ọta tó lè gba ara mọ́tò àwọn adigunjalè kọjá. Wọ́n pè é ní .38/44 Heavy Duty. Ọta gíráàmù 10 péré, ṣùgbọ́n ó ń sáré tó mítà 335, agbára rẹ̀ sì tó ti .45 Colt. Ní 1935, wọ́n fi nǹkan bíi mìlímítà 3 kún gígùn kátíríìjì rẹ̀ kó má bàa wọ inú àwọn .38 tí kò lágbára, ó sì di .357 Magnum (fífẹ̀ ọta rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti .38). J. Edgar Hoover, ọ̀gá FBI nígbà náà, ni wọ́n fún ní àkọ́kọ́ rẹ̀. Láti inú ọ̀pá gígùn, ó ń tó joule 1,000. Ìlọ́po méjì .45 tán!

Àwọn tó ń jiyàn máa ń mú ìtàn Philippines wá. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ráhùn níbẹ̀ pé .38 àwọn kò dá àwọn jagunjagun Moro (àwọn Mùsùlùmí gúúsù ilẹ̀ náà) dúró, òótọ́ sì ni pé wọ́n padà sí .45. Ṣùgbọ́n .38 Long Colt nìyẹn, tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi joule 270 lọ. Ẹ̀tù ló kéré. Ní 1904, ọ̀gágun John T. Thompson àti dókítà Louis LaGarde lọ yìnbọn lu àwọn màlúù ní ọjà ẹran Chicago, wọ́n sì dábàá pé kí ọta má kéré sí .45. Mi ò bá wọn jiyàn pé ọta tó fẹ̀ ń dá ọgbẹ́ tó fẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn màlúù náà gba ọta léraléra kí wọ́n tó ṣubú.

Ti pé .45 máa ń gbé èèyàn fò sẹ́yìn, fíìmù ló dá a sílẹ̀. Bí gbogbo ìtì ọta Colt bá wọ ara ẹni tó wúwo tó kìlógíráàmù 70, eré tó lè fún un kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ẹni tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú yàrá ń sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ogún. Ìtì tó sì ba ẹni tí wọ́n yìn ín lù kò tó èyí tó ti kọ́kọ́ ba ọwọ́ ẹni tó yìn ín, nítorí èéfín gbígbóná ẹ̀tù tó ń tú jáde lẹ́nu ìbọn tún ń ti ìbọn náà sẹ́yìn.