Slot kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní àdúgbò wa ti owó tó fẹ́ fi ra máṣíìnì bọ slot orí fóònù, géèmù tẹ́tẹ́ tí àwòrán ti ń yí tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì, gbogbo rẹ̀ sì run síbẹ̀. Owó yẹn dùn mí. Ìmọ̀ràn tí àgbàlagbà kan fún un lójú gbogbo wa ló wá bí mi nínú: “Má kúrò lórí géèmù yẹn o. Ó ti jẹ owó ẹ yó, ó kù díẹ̀ kó bì í. Tó o bá kúrò báyìí, ẹlòmíì ló máa wá kó o.” Àwọn tó jókòó ń mi orí. Ọmọ náà lọ yáwó.

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Irọ́ ni.

Slot kò ní ikùn tó lè kún. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù, tó lè jẹ́ pé òkè òkun ló wà, á mú nọ́ńbà kan jáde tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. RNG ni wọ́n ń pe ètò tó ń ṣe é. Nọ́ńbà yẹn ló ń pinnu bóyá ẹ jẹ tàbí ẹ kò jẹ, ó sì ti pinnu rẹ̀ kí àwòrán èso àti agogo tó dúró lójú yín. Kì í wo iye tí ẹ ti pàdánù látàárọ̀. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè wà lórí géèmù kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ń gba nọ́ńbà tirẹ̀. Owó ta ni géèmù wá jẹ yó nínú wọn?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, torí ibẹ̀ gan-an lọ́rọ̀ wà. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan nínú 10,000 ni jackpot kan, ìyẹn owó ńlá tó ga jù nínú géèmù, máa ń já bọ́. Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 10,000 gbọ́dọ̀ rí i. Àǹfààní pé kò ní já bọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 0.9999. Ẹ mú kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi 0.9999 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní ìgbà 10,000. Nǹkan bíi 0.37 ni ẹ máa rí. Ìyẹn ni pé nínú 100 èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 10,000, bíi 37 kò ní fojú kàn án rárá. Tí àwọn 37 yìí bá wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ni àǹfààní wọn? Ẹ̀ẹ̀kan nínú 10,000. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tí kò tíì ná kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní ìṣirò tó ta ko èyí, kó gbé e wá.

Ní ilé tẹ́tẹ́ Monte Carlo lọ́dún 1913, bọ́ọ̀lù roulette, tẹ́tẹ́ tí bọ́ọ̀lù ti ń yí nínú àgbá tó ní ojú dúdú àti pupa, bọ́ sórí dúdú ní ìgbà 26 léra. Àwọn olówó ń rọ́ owó lé pupa, wọ́n ń fi kún un, wọ́n ní àsìkò pupa ti tó. Owó ńlá ló bá a lọ.

Èmi fúnra mi ti jókòó sí káńtà ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ rí. Àwọn oníbàárà a máa ṣọ́ ẹ̀rọ slot tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Tí ẹnìkan bá pàdánù gan-an tó dìde, àwọn tó ń dúró á sáré du àga rẹ̀, wọ́n ti jà sí i rí. Èmi tí mò ń ka owó ní ìrọ̀lẹ́ ló rí i pé owó ẹni tó sáré jókòó sábà máa ń tẹ̀ lé ti ẹni tó dìde. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá jẹ, ariwo á sọ: “Ṣé ẹ ti rí i?” Kò sẹ́ni tó ń rántí àwọn tó lọ lọ́wọ́ òfo.

Àwọn tó kàwé nínú wọn á wá gbé RTP jáde, ìyẹn ìdá tí géèmù ń dá padà nínú owó tí wọ́n fi ta á. Wọ́n á ní òfin géèmù kọ 96%, nítorí náà ẹni tó bá mú ₦5,000 wọlé gbọ́dọ̀ gba ₦4,800 padà, èyí tí kò bá tíì gbà ṣì wà nínú rẹ̀. Rárá o. Owó gbogbo èèyàn tó ta á ni wọ́n pa pọ̀, lórí àìmọye mílíọ̀nù ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Gbogbo owó tí ẹ bá fi ta ni wọ́n sì ń ṣírò lé, wọn kì í wo iye tí ẹ mú wọlé. Ẹ mú ₦5,000 wọlé, kí ẹ máa ta ₦50, ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan. Nínú wákàtí kan, ₦30,000 lẹ ti fi ta, torí pé èyí tí ẹ ń jẹ náà lẹ tún ń tì wọlé. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦1,200. Wákàtí kan nìyẹn o. Tó bá fi máa pé wákàtí márùn-ún, ₦5,000 lè ti tán, kí 96% tí wọ́n kọ má sì yẹ̀ rárá.

Ta ló tiẹ̀ sọ pé 96 ni? Slot kan tó ń jẹ́ Book of Dead, tí ilé-iṣẹ́ Play'n GO ṣe, ní ẹ̀dà 96.21%, ó ní 94.25%, ó ní 91.25%, ó tún ní 87.25%. Ilé tẹ́tẹ́ ló ń yan èyí tó wù ú, àwòrán kan náà, orin kan náà. Ní 87.25%, ₦3,825 ni wákàtí yẹn máa gbà lọ́wọ́ yín. Inú òfin géèmù, lẹ́yìn àmì “i” kékeré, lẹ ti lè rí i, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn kì í sì í ṣí i.

Àwọn tó ní òru ni géèmù ń sanwó, tàbí pé owó kékeré ni kéèyàn kọ́kọ́ fi tàn án, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lé wọn lórí. Mo gbà pé àwọn ẹ̀rọ kan wà nínú ilé ọtí ní Britain tó ń wo iye tó ti san sẹ́yìn, àwọn jackpot kan sì wà tí òfin wọn ní wọ́n gbọ́dọ̀ já bọ́ kí wọ́n tó pé iye báyìí. Níbẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ ẹni tó máa bọ́ sí.

Láti October 2021 ni Britain ti fòfin de slot orí ayélujára tó bá yára ju ìṣẹ́jú àáyá 2.5 lọ. Wọ́n yọ bọ́tìnì tó ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ní kí géèmù má ṣe máa fi orin àti iná bá ẹni tó ta £1, tó gba 40 pẹ́ńsì padà, yọ̀. Lọ́dún 2025, wọ́n fi £5 ṣe òpin owó ìta kan, £2 fún àwọn ọmọ ọdún 18 sí 24. Lọ́dọ̀ wa, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní November 2024 pé ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni àkóso tẹ́tẹ́ wà. Kí àjọ tó ń bójú tó o l'Ékòó fi dandan mú gbogbo ilé tẹ́tẹ́ láti kọ RTP gàdàgbà sójú géèmù, kí èèyàn tó fi kọ́bọ̀ wọlé, kí wọ́n sì kọ iye náírà tí wákàtí kan máa ń gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.