Kí A Tó San Owó Katapílà Tán

Bí katapílà bá họ sẹ̀ǹtímítà 5 péré kúrò lójú hẹ́kítà ilẹ̀ kan, iyẹ̀pẹ̀ tó kó lọ tó mítà kúbíkì 500, ìwọ̀n rẹ̀ sì ju tọ́ọ̀nù 600 lọ. Típà tó ń gbé tọ́ọ̀nù 20 yóò lọ, yóò bọ̀, ju ìgbà 30 lọ kó tó kó o tán. Kò sí àgbẹ̀ tó máa dúró máa wo típà 30 tó wọ oko rẹ̀ wá kó ilẹ̀dú. Síbẹ̀, àwọn èèyàn wa ń yọ owó lápò fún ẹni tó ń bá wọn ṣe ohun kan náà, wọ́n á tún kí i kú iṣẹ́ pé ilẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ohun tí à ń fẹ́ kò le. Kí ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹnikẹ́ni tó bá gba katapílà láti pa igbó jáwọ́ nínú sísan gbogbo owó lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Kí wọ́n di ìdá kan nínú mẹ́rin mú títí òjò ńlá méjì tàbí mẹ́ta yóò fi rọ̀ sórí ilẹ̀ náà. Kí ẹ̀rọ tó wọlé, kí wọ́n gbẹ́ ihò kéékèèké sí ojú mẹ́wàá, kí wọ́n wọn bí ilẹ̀ dúdú ṣe jìn tó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí awakọ̀ náà sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn òjò, kí wọ́n tún un wọ̀n. Ohun tó bá dín ju bó ṣe yẹ lọ, inú owó tó kù ni ká ti yọ ọ́.

A kì í ṣe ọ̀tá àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Ẹni tó bá ti wá alágbàṣe tí yóò ṣán igbó ọdún mẹ́wàá rí mọ̀ pé láìsí ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ yóò wà bẹ́ẹ̀ ni. Ìnáwó tiwọn náà kò sì kéré. Katapílà D6 tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi lè mu lítà dísẹ́ẹ̀lì 20 sí 30 ní wákàtí kan. Ṣéènì ẹsẹ̀ rẹ̀ àti àwọn róólà abẹ́ rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí ìdajì owó àtúnṣe, àgàgà lórí yangí àti òkúta. Owó tírélà tó ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀, kò yí padà, ì báà jẹ́ hẹ́kítà 2 tàbí 20 ni wọ́n fẹ́ pa. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kí àwọn tí oko wọn pààlà para pọ̀ pè é lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀nà tí à ń gbà sanwó ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Tó bá jẹ́ iye hẹ́kítà la fi ń sanwó, awakọ̀ á fẹ́ yára parí. Gbígbé ọkọ́ iwájú sókè, sísọ ọ́ kalẹ̀, yíyí ẹ̀yìn padà, àkókò ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó rì í bọlẹ̀ kó máa tì lọ. Tó bá sì jẹ́ wákàtí, á máa fi ẹ̀sọ̀ ṣe é bí ẹni ń wá ìyàwó. Kò sí èyí tó bá ilẹ̀dú rò nínú méjèèjì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú títì àti ibi ìkọ́lé ni ọ̀pọ̀ katapílà tó ń wọ oko wa ti ń bọ̀, ọkọ́ gbọọrọ tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú ọ̀nà ló sì ń bá a wọ igbó. Irin yẹn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín gbòǹgbò àti iyẹ̀pẹ̀.

Iṣẹ́ tó dára bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Kí ẹni tó mọ ilẹ̀ náà rìn ín já, kó so aṣọ pupa mọ́ igi tí a kò ní fọwọ́ kàn, bí ìrókò, tàbí igi irú àti igi òrí ní Ọ̀kè-Ògùn, kó sì fi àmì sí kànga àtijọ́, ojú oórì, àpáta tó fara pamọ́ àti ilé oyin. Létí odò, kí wọ́n fi igbó mítà 30 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgégi gé igi ńlá kí wọ́n sì gbé gẹdú rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni katapílà yóò wọlé pẹ̀lú abẹ gígé, èyí tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ní ìwo irin ní igun. Ojú ilẹ̀ gan-an ló ń gé igi mọ́, kò ní kó wọ inú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ pọ́n abẹ náà, torí bó bá ti kú, kì í gé igi mọ́, ńṣe ló ń hú u pẹ̀lú gbogbo erùpẹ̀ ìdí rẹ̀.

Kí wọ́n wá fi ohun tó ti gé sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó gbẹ, kí erùpẹ̀ ara rẹ̀ lè gbọ̀n dànù. Rékì, irin eléyín tí wọ́n ń so mọ́ iwájú katapílà, ni kí wọ́n fi kó o jọ, kì í ṣe ọkọ́. Àlàfo tó wà láàárín eyín rẹ̀ yẹ kó tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40, kí iyẹ̀pẹ̀ lè máa jábọ́. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè rọ ọ́ níbí. Kí òkìtì pàǹtí dùbúlẹ̀ lọ́nà tó dí àgbàrá, kó má ṣe tẹ̀lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ti lànà fún ọ̀gbàrá. Bí àgbàdo tó wà létí òkìtì bá dára ju ti àárín oko lọ lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ ti mọ ibi tí ilẹ̀dú yín wà. Iná kì í sì í jó òkìtì tó bá kún fún erùpẹ̀ dáadáa; èéfín ni yóò máa rú fún ọ̀sẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ni àsìkò rẹ̀. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ láti ìsàlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fún un mọ́wọ́. Bó bá di odidi tí kò fọ́, kí ẹ̀rọ dúró. Katapílà D8, tó tóbi ju D6 lọ, sún mọ́ tọ́ọ̀nù 40. Ilẹ̀ tútù tó bá tẹ̀ mọ́lẹ̀, omi kì í ráyè wọ inú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Íbàdàn, pa igbó ní oríṣiríṣi ọ̀nà, wọ́n sì wọn iyẹ̀pẹ̀ tí àgbàrá gbé lọ. Ibi tí wọ́n ti fi ọwọ́ pa á láìtúlẹ̀, kò tó ìdajì tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà kan. Ibi tí wọ́n ti lo abẹ gígé láìtúlẹ̀, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 4 ni. Ibi tí ẹ̀rọ ti ti igi ṣubú, tí rékì hú gbòǹgbò, tí wọ́n tún wá túlẹ̀, ó sún mọ́ tọ́ọ̀nù 20. Ìyẹn ni pé, rékì tí a ń yìn yìí pàápàá, bí wọ́n bá rì í bọlẹ̀, kò yàtọ̀ sí ọkọ́.

Àwọn kan yóò ní tí kùkùté bá wà nílẹ̀, dísìkì tíràkítọ̀ yóò kán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kùkùté igi kéékèèké á ti máa jẹrà láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, fífà á tu nígbà náà kò ní kó ilẹ̀ púpọ̀ dání. Ká fi ọwọ́ kọ ebè tàbí ká gbin àgbàdo láìtúlẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó hú èyí tó bá wà lójú ọ̀nà tíràkítọ̀ nìkan, kó sì dí ihò rẹ̀.

Òfin àyẹ̀wò àyíká ti ọdún 1992, tó ní ká yẹ ohun tí iṣẹ́ máa ṣe sí àyíká wò ká tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kan iṣẹ́ tó bá sọ igbó di oko lórí hẹ́kítà 500 sókè. Iṣẹ́ hẹ́kítà 10, 40 tàbí 200, tó jẹ́ èyí tó pọ̀ jù láàárín wa, kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ lè dí àlàfo yìí láìdúró de Àbújá: kí wọ́n má ṣe san owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ tí kò ní ìwé ìwọ̀n ilẹ̀dú, abẹ gígé tàbí rékì, àti ìdá kan nínú mẹ́rin tó ń dúró de òjò.

Kí wọ́n sì tú owó ìrànwọ́ náà sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Bó bá jẹ́ oṣù kẹta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, tí òjò ti ń rọ̀, ó sàn kí katapílà jókòó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.