Ẹni tí a kó kúrò ní títì, ibo ló ń lọ lẹ́yìn náà?

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ẹ́, èrò ọkàn mi rèé. Bí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò rílé sùn bá ti délẹ̀, ohun tí à ń sọ ni pé kí ìjọba kọ́ ibùwọ̀ fún wọn. Kíkọ́ ò le. Ọjọ́ tí ẹni náà máa jáde níbẹ̀ ló le.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Òfin ilé gbígbé ti ọdún 2018 ní Benin wa níbí ní onílé ò gbọdọ̀ gba ju owó oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ká ní yàrá kan jẹ́ 10,000 sẹ́fà lóṣù, 30,000 nìyẹn kó tó gba kọ́kọ́rọ́; ẹní àti ìkòkò ò tíì sí nínú ẹ̀. Alárù ọjà Ouando tó bá ń tọ́jú 300 lójúmọ́ fún ọjọ́ 25, 7,500 ni yóò rí kó jọ lóṣù. Oṣù mẹ́rin gbáko! Ibùwọ̀ tó bá ń lé èèyàn jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, títì ló ń dá a padà sí. Lójú tèmi, oṣù mẹ́fà ló kéré jù.

Owó ọ̀hún ńkọ́, ọwọ́ ta ni yóò wà? Kò yẹ kó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ibùwọ̀ o. Orí fóònù ẹni náà ló yẹ kó wà, àmọ́ ẹni tí kò níwèé ò lè forúkọ ara rẹ̀ gba síìmù. ANIP, àjọ ìjọba, ló ń ṣe ìwé ìdánimọ̀. Ẹni tí kò ní ìwé ìbí rárá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè di ti ilé ẹjọ́, ó sì lè pẹ́. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwé.

Ti àwọn tí orí wọn dàrú tún yàtọ̀. Ọmọ agbègbè Kétu wa ni Grégoire Ahongbonon, ẹni tó ń tú àwọn tí wọ́n so mọ́ igi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Saint-Camille tó dá sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ara á kọ́kọ́ balẹ̀, wọn á kọ́ṣẹ́, kí wọ́n tó darí sílé. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ti fìgbà kan jẹ́ aláìsàn.

Ilé ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ara bá ti yá, ẹbí á ní kí ló kù tí à ń lo oògùn sí, tàbí kí owó ọkọ̀ má sí. Láàárín oṣù díẹ̀, àìsàn á padà, aládùúgbò á ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Oògùn wárápá tiẹ̀ burú jù: bó bá dúró lójijì, gìrì lè máa gbé e léraléra.

Kí wọ́n tó fa ẹnikẹ́ni lé ẹbí lọ́wọ́, kí ẹnì kan nílé wá síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó mọ orúkọ oògùn àti ọjọ́ abẹ́rẹ́. Kó sì máa ka hóró. Bí 30 bá yẹ kó tán lóṣù, tí 12 ṣì wà nínú ike, ẹ pe nọ́ọ̀sì kí ẹ tó pe áàfáà tàbí pásítọ̀.