Wọ́n Fọ́ Ṣọ́ọ̀bù, Ọlọ́pàá Ní Ká Ra Epo

"Ta lẹ fura sí?" Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀! Èèyàn dé tésàn láàárọ̀ kùtù, omi ò tíì kan ẹnu, ìbéèrè àkọ́kọ́ ní káńtà nìyẹn. Bó bá mọ ẹni tó jà á lólè, ṣé ọ̀dọ̀ yín ló máa kọ́kọ́ wá?

Ti ìyá tó ń ta fóònù ní Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀, yìí ló tán sùúrù. Páànù ẹ̀yìn ni wọ́n ṣí, wọ́n gba sílìn bọ́ sílẹ̀, wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kan àgádágodo méjèèjì tó wà níwájú. Fóònù 14 lọ nínú gíláàsì, jẹnẹrétọ̀ kékeré náà lọ. Ìyá yìí ò ṣe àṣìṣe kankan o: kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọlé, kò fọwọ́ kan gíláàsì, ó kó páálí fóònù dání, nọ́ńbà IMEI oníka 15 tí wọ́n fi ń dá fóònù mọ̀ sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kó lọ ra pépà tó máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ó kọ ọ́ tán, wọ́n ní ọkọ̀ wà, epo ni ò sí. Láti tésàn ọ̀hún dé Lágere, ẹsẹ̀ lásán gbé e! Tó bá jẹ́ láti dá ọmọ yunifásítì dúró, kí wọ́n máa tú fóònù rẹ̀ wò ni, epo á wà.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n yọjú. Gbogbo àdúgbò ti fọwọ́ pa gíláàsì. Ìtẹ̀ka ta ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀? Kámẹ́rà wà ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kámẹ́rà mọ̀ pé bí díìsìkì inú ẹ̀ bá ti kún, tuntun á máa gorí àtijọ́. Òmíì ò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Fíláàṣì kan péré ni wọn ì bá fi kó fídíò ọ̀hún jáde! IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ní òun ń bọ̀ wá gbà á. Ọjọ́ kọkànlá ló dé, òfìfo ló bá. IMEI ńkọ́? Iléeṣẹ́ tẹlifóònù ò ní dá ọlọ́jà lóhùn lórí ìyẹn, àfi kí ìwé ti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wá. "Owó ìwádìí" ni ìwé ọ̀hún ń dúró dè. Ní báyìí, wọ́n ti gbé IPO lọ sílùú mìíràn, a ò rí fáìlì mọ́, ẹni tó gba ipò rẹ̀ sì tún ń béèrè pé ta ni ìyá fura sí.

Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ìwádìí wá ńkọ́, èló ni? Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dènà ìwà ọ̀daràn, kí wọ́n wá ẹni tó hù ú rí, kí wọ́n sì dáàbò bo dúkìá. Mi ò rí "rọ epo sí i" níbẹ̀. Owó ọdẹ sì rèé, oṣooṣù là ń san án, ọdẹ ń sùn.

Ẹ má kúrò ní káńtà láìgba nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé dáyárì. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti orúkọ tó wà láyà IPO sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí kọmíṣánnà l'Óṣogbo láìsí ìwọ̀nyí, wọ́n á ní ẹjọ́ kankan ò dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Tàbí ká kúkú bẹ olè fúnra rẹ̀. Bó bá ti palẹ̀ ẹrù mọ́ tán, kó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sílẹ̀, kó já rìsíìtì ohun tó kó, kó sì fi owó epo lítà mẹ́wàá lé e lórí.