Lẹ́tà tó dé ilé ṣùgbọ́n tí kò dé etí

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi, nílé, lóko àti lẹ́yìn odi.

Láti ìparí táàmù kejì ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mo ní kí n jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀, kò rọlẹ̀. Ní báyìí tí táàmù kẹta ti wọlé, tí ilé ẹ̀kọ́ tún ti ń to ètò oríṣiríṣi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní ìlú wa ní Yàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Obìnrin ni, JSS 1 ló wà. Àbújá ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ìlú ló ń lọ, èyí tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré jọ wà nínú ọgbà kan, tó jẹ́ pé igi máńgòrò ló pín wọn láàárín. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹta, wọ́n ṣe ayẹyẹ ìfúnni lẹ́bùn. Wọ́n pe orúkọ ọmọ yìí pé òun ló gba ipò kìíní nínú ìṣirò ní gbogbo JSS 1. Wọ́n ní kí òbí rẹ̀ jáde wá bá a gba ẹ̀bùn. Ẹnikẹ́ni ò dìde. Wọ́n tún pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà wo abẹ́ kánópì tí àwọn òbí jókòó sí, ó wo ẹnu géètì, lẹ́yìn náà ó wá ń wo ilẹ̀. Olùkọ́ kan ló bọ́ síwájú tó bá a gba bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé ìkọ̀wé mẹ́fà sí.

Níbo ni ìyá mi wà? Ó wà lábẹ́ igi kajú, ó ń ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ yí kóró kúrò lára èso lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo pè é lálẹ́, ó ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ó ní, "Wọ́n fún mi ní pépà lóòótọ́. Mo rò pé owó ni wọ́n tún ń bèèrè. Mo ní tí mo bá ti ta kajú tán, màá lọ bá wọn."

"Mo rò pé owó ni." Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo délé fún ọdún Àjíǹde, mo ní kó fi pépà náà hàn mí. Abẹ́ Bíbélì ló fi í sí, lórí tábìlì. Ìdajì pépà ni, ẹ̀dà tó ti ṣá, òyìnbó láti òkè délẹ̀. Owó PTA ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa gba ìsinmi ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ àwọn nǹkan tí ọmọ gbọ́dọ̀ mú wá tí wọ́n bá wọlé padà. Ìsàlẹ̀ pátápátá, nítòsí ibi tí ọ̀gá fọwọ́ sí, ni wọ́n wá kọ ọ́ sí pé kí òbí wá wo ayẹyẹ ẹ̀bùn. Wọn ò kọ aago. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ tó yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n fi parí.

Ẹ wá wo ohun tó wà lórí pépà náà: Bíbélì Yorùbá tí ìyá mi ń kà láràárọ̀. Ó ní awò ojú kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán, okùn ló fi so ó. Ó ń ka Sáàmù, ó ń ka orin inú ìwé orin, ó sì lè kọ orúkọ rẹ̀ àti iye tí wọ́n jẹ ẹ́. Ilẹ̀ Yàgbà ni a wà. Láti ọdún 1908 tí míṣọ́nárì Tommy Titcombe ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ni ìwé kíkà ní Yorùbá ti ń wọlé sí wa lára pẹ̀lú ìsìn. Obìnrin púpọ̀ tí wọn ò jókòó ní kíláàsì ọmọdé rí, kíláàsì àgbà nínú ìjọ ni wọ́n ti mọ a b d. Ẹ ò lè pe irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní aláìmọ̀wé. Èdè tí kò mọ̀ ni wọ́n fi kọ̀wé sí i.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní òyìnbó ni èdè ilé ẹ̀kọ́. Mo gbà. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, wọ́n ti fagi lé e lọ́dún 2025. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ti inú kíláàsì nìyẹn, ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀. Lẹ́tà tí ẹ kọ sí ìyá àgbà kò sí nínú kíláàsì. Kò sí òfin kankan nílẹ̀ yìí tó ní kí ẹ má fi Yorùbá sọ fún ìyá pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ti mókè.

Ta ló wà nílé ní ìlú wa báyìí? Ẹ rìn láti Mọ́pà dé Ìsánlú, ẹ ya ojúlé mẹ́wàá, ẹ wo ẹni tó ń bu oúnjẹ fún ọmọ láàárọ̀. Ìyá àgbà ni lọ́pọ̀ ibẹ̀. Àwọn òbí wà ní Lọ́kọ́ja, ní Àbújá, ní Èkó. Àwọn òbí wọ̀nyí ló wà lórí WhatsApp ilé ẹ̀kọ́, àwọn ló ń rí ìkéde, àwọn ló ń fi àtàǹpàkò dáhùn. Ẹni tó máa wọ aṣọ, tó máa gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá rí ìkéde ọjọ́ náà, ó rò pé màmá ti gbọ́. Màmá rò pé tí nǹkan gidi bá wà, ẹ̀gbọ́n mi á pè. Láàárín àwọn méjèèjì ni ọmọ náà dá dúró sí.

Tí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ayẹyẹ lásán ni mò ń sọ, ẹ rántí abẹ́rẹ́ HPV. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba kọ́kọ́ gbé e jáde ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ọdún 2024 ló kan Kogí tiwa. Àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ni wọ́n ń gún un fún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́fẹ̀ẹ́, kí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ má bàa mú wọn tí wọ́n bá dàgbà. Pépà ti kọ́kọ́ jáde láti ilé ẹ̀kọ́, òyìnbó ni. Kí ẹnikẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ti gba ọjà kan: pé abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ọmọ wa bímọ ni. Àwọn ìyá kan ní kí ọmọ má lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan wá sípàdé àwọn obìnrin, tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú wọn, tó fi ẹnu wa sọ ohun tí abẹ́rẹ́ náà wà fún, tó jẹ́ kí wọ́n bèèrè ìbéèrè tó ń tì wọ́n lójú, ìgbà náà ni wọ́n tó mú ọmọ wá. Nọ́ọ̀sì yẹn ṣe iṣẹ́ tí pépà ò lè ṣe. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti aago náà wà níbẹ̀. Láti oṣù kejì wọ oṣù kẹrin ni kajú máa ń bọ́ lọ́dọ̀ wa, táàmù kejì gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń ra kajú á gbé òṣùwọ̀n wọn dé etí títì, ẹni tó bá pẹ́ kó lọ, owó á ti já. Owó kajú yìí kan náà ló ń di aṣọ ilé ẹ̀kọ́, tó ń di bàtà, tó ń di ìwé. Ẹni tí ẹ bá pè ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ nínú oṣù kẹta, ẹ ní kó yàn láàárín ọmọ àti oúnjẹ ọmọ náà ni. Kí ló dé tí kò lè jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn ti rọ̀, tí èèyàn ti ti oko dé? Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọjọ́ ọjà? Íńtà-háòsì táàmù kejì náà, ọ̀sán gangan ni wọ́n sá a, àwọn ọmọ ń sáré, àwọn olùkọ́ ń pàtẹ́wọ́, abẹ́ kánópì ṣófo.

Ti owó ńkọ́? Òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sọ pé ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS, ọ̀fẹ́ ni. Síbẹ̀ ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì tí òjò ń jò sí mọ ìdí tí PTA fi ń dáwó. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, mo ti dá, màá tún dá. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí pépà owó dá wà, kí pépà ayọ̀ náà dá wà. Ọdún lọ́dún ni a ti fi ìpè ilé ẹ̀kọ́ kọ́ àwọn ìyá wa pé gbèsè ni tàbí ẹjọ́. Ọmọ rẹ jà, wá. O kò tíì san, wá. Ìyá tó ti gbọ́ èyí títí, báwo ló ṣe máa mọ ọjọ́ tí wọ́n pè é wá gba oyè?

Mo lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì gbọ́ mi tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní olùkọ́ ò tó, òun fúnra òun ń wọ kíláàsì méjì, ẹni tó ń bá wọn tẹ pépà ní ilé kọ̀ǹpútà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí Yorùbá. Mo ní kí wọ́n má fi àmì sí i, àwọn ìyá wa á kà á. Mo ní kí n fi ọwọ́ kọ ọ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó wò mí, ó fa dúrọ́ọ̀, ó kó ètò táàmù kẹta fún mi.

Nítorí náà, èmi ni mo kọ lẹ́tà táàmù yìí, ẹ máa rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ti kúrò ní àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló bọ́ sí, aago mẹ́rin. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà máa ṣe Common Entrance, àwọn JSS 3 máa ṣe ìdánwò tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán wọn lọ sóko lọ́sẹ̀ náà, ẹ bá wọn rà pẹ́ńsù. A ti ní kí wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n kà á ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí akéde náà sì lu agogo rẹ̀. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àbújá àti Èkó, mo máa sọ ọ́ sínú WhatsApp ní ohùn. Ẹ gbé fóònù, ẹ pe ilé, ẹ jẹ́ kí màmá gbọ́ ọ.

Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó wù mí ju gbogbo rẹ̀ lọ: ọjọ́ àṣà, tí wọ́n fẹ́ ṣe mọ́ ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù karùn-ún. Lọ́dún tó kọjá, aṣọ tí wọ́n yá ni àwọn ọmọ wọ̀, orin inú ẹ̀rọ ni wọ́n jó sí, ó dùn, wọ́n ya wọ́n ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ mẹ́rin ohun tó ń jẹ́ aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n ń hun nílẹ̀ Bùnú láyé àtijọ́, tí wọ́n fi ń sin ẹni ńlá, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí. Nígbà kan, kò sí ilé tí kò ní òfì lẹ́yìn yàrá. Àwọn kan nínú àwọn ìyá tí a ò pè wá yẹn ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń ran òwú, wọ́n mọ orin tí wọ́n ń kọ sí i, wọ́n mọ oríkì gbogbo ilé tó wà ní ìlú. Mo ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí ìyá tó bá ní aṣọ àtijọ́ nínú àpótí mú un wá, kó wá sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Mo kọ ọ́ sókè pátápátá. Kò sí owó nínú rẹ̀.

Lánàá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú lẹ́tà náà délé. Mo wà níbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Màmá so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí, ó gbé pépà sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bó ṣe ń ka Sáàmù, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó dé ibi tí aṣọ wà, ó dákẹ́, ó padà sókè, ó tún un kà. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e lórí ìlà.

Màmá bọ́ awò ojú. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bá mi gbé àpótí yẹn kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."