Gbogbo Aṣọ Kọ́ Là Ń Sá Lóòrùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Àkọsílẹ̀ Ìlera Wa

Nígbà tí àwọn àgbà sọ pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, wọn kò ní kí a fi aṣọ sílẹ̀ kí ó jẹrà sínú omi. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé aláṣọ ni yóò yan èyí tí yóò sá síta àti èyí tí yóò sá sí yàrá. Òwe yìí ló ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá gbọ́ tí àwọn aláṣẹ ń ráhùn pé ará ìlú kò fẹ́ kí a fi àkọsílẹ̀ ìlera wọn tó wà lórí kọ̀ǹpútà ṣe ìwádìí. N kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń gba ìtọ́jú. Ní 2014, NHS, ìyẹn àjọ ìlera ìjọba níbẹ̀, fẹ́ kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní care.data. Ìwé pélébé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé-sílé jọ ìwé ìpolówó ọjà débi pé ọ̀pọ̀ kò kà á, àwọn mìíràn kò sì rí i gbà rárá. Ariwo ta, wọ́n dá a dúró ní oṣù kejì ọdún náà, wọ́n sì pa á tì ní 2016. Ní 2021, wọ́n tún gbé irú rẹ̀ dé láìkéde rẹ̀ tó; ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó yọ ara wọn kúrò láàárín oṣù kan péré.

Síbẹ̀, ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn ní ilẹ̀ yẹn kan náà ti gbà láti wọ inú ìwádìí RECOVERY, èyí tí wọ́n fi dán oògùn àrùn náà wò, tó ń fi àkọsílẹ̀ NHS tọpa ẹni tó yè àti ẹni tó kú. Òun ló fi hàn pé dexamethasone, oògùn olówó pọ́ọ́kú, dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. A bèèrè lọ́wọ́ wọn tàbí lọ́wọ́ ẹbí wọn, wọ́n sì yọ̀ǹda.

Èyí tó dùn mí jù ni àdéhùn 2017, tí NHS fi ń fún Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àtìpó, ní àdírẹ́sì àwọn tí wọ́n ń wá nítorí ìwé ìgbélùú. Wọn kò fi orúkọ àìsàn kún un, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aboyún tó ń bẹ̀rù pé orúkọ tí òun kọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn lè mú ọlọ́pàá wá sílé kò ní lọ síbẹ̀ mọ́, ọmọ inú rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Nígbà tó di 2018 ni ìjọba tó fà sẹ́yìn.

Ní Nàìjíríà, òfin ìlera ti 2014 ní kí a pa àṣírí aláìsàn mọ́, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Ní báyìí tí kọ̀ǹpútà ti ń rọ́pò káàdì ní àwọn ilé ìwòsàn wa, ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ bi ẹni tó ń kọ orúkọ yín sílẹ̀ pé ta ni yóò máa rí fáìlì yìí, ta ni wọn yóò máa fi ránṣẹ́ sí, ṣé wọn yóò sì bèèrè lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.